Ewé Aláràbarà Lábẹ́ Ibòòji: Bí Ẹ Ṣe Lè Gbìn Ín Kó sì Pẹ́ Lágbàlá Ilé ní Àkúrẹ́

Ìbéèrè tí ẹ ń bi mí jù lọ rèé: "Mo ra òdòdó kan tí ewé rẹ̀ pupa tó tún funfun, mo gbìn ín sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé, kò pẹ́ rárá tó fi rọ. Ṣé ibòòji ló pa á ni?" Ẹlòmíràn á ní, "Tèmi ò kú o, ṣùgbọ́n àwọ̀ ara rẹ̀ ti lọ, gbogbo ẹ̀ ti di ewé lásán." Ẹni kẹta á ní tòun gbẹ pátápátá lásìkò ọyẹ́, òun fà á tu, òun sì da á nù.

Ẹni àkọ́kọ́, kì í sábà jẹ́ ibòòji. Òǹgbẹ ló pa á. Gbòǹgbò máńgòrò ti fa omi ilẹ̀ gbẹ kí òdòdó kékeré yẹn tó rí mu, ewé tó ṣù bo orí rẹ̀ kò sì jẹ́ kí òjò wẹ́wẹ́ dé ilẹ̀. Ẹni kejì, ibòòji rẹ̀ ṣú ju ohun tí irú ewé tó rà lè fara dà lọ. Ẹni kẹta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí jù, torí ohun tó fà tu yẹn kò tíì kú. Ó ń sùn ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn ewé tó máa ń pẹ́ nílẹ̀ ni mò ń sọ níbí, àwọn tí ẹ lè gbìn lẹ́ẹ̀kan kí ẹ máa rí wọn lọ́dọọdún, tí ẹwà wọn wà lára ewé, tí kì í ṣe lára òdòdó tó ń tan tó sì ń rẹ̀. Ibi tí koríko kọ̀ láti hù, ibi tí tòmátì àti ata kò ti lè so, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti wúlò.

## Ẹ yẹ ibòòji yín wò kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ọ̀pọ̀ ló ń ra ewé kí wọ́n tó wá ibi tí wọ́n máa gbìn ín sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ibòòji tí ẹ ní.

1. Ẹ yan ọjọ́ tí oòrùn mú dáadáa. Ẹ lọ wo ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, aago méjìlá ọ̀sán àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ èyí tí oòrùn dé àti èyí tí kò dé sílẹ̀.
2. Ní aago méjìlá, ẹ tẹ́ bébà funfun sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ na ọwọ́ yín sókè rẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí òjìji ọwọ́ náà bá hàn ketekete tí ẹ lè ka ìka rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ pọ̀. Bí ó bá hàn ṣùgbọ́n tí kò já gaara, ibòòji fẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn. Bí ẹ ò bá rí òjìji kankan, ibòòji tó ṣú ni.
3. Ẹ wo ọwọ́ tí ibẹ̀ kọjú sí, torí oòrùn ọ̀sán kì í dúró sójú kan láàárín ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ẹ̀kẹta yìí. Níbi tí Àkúrẹ́ wà, láti bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń gbà kọjá. Àwọn oṣù yòókù, apá gúúsù ni. Ẹ̀gbẹ́ ilé tàbí fẹ́ǹsì tó kọjú sí àríwá á wà nínú ibòòji ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tí àwọn ewé yìí nílò ààbò jù. Bí oòrùn bá tiẹ̀ wọlé síbẹ̀ ní oṣù Kẹfà, òjò àti ìkúukùu á ti bá yín rọ agbára rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí gúúsù ló ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ lè dé ibẹ̀ ní oṣù Keje kí ó tutù minimini, kí ẹ gbìn ín kún. Tó bá di oṣù Kìn-ín-ní, oòrùn á máa bá a láti àárọ̀ dalẹ́, ewé á sì jó ráúráú.

Ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn ló dára jù nínú gbogbo wọn, torí oòrùn àárọ̀ kì í le. Ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn ló burú jù: oòrùn aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán ń jó ewé, ògiri náà á tún gbóná.

## Ewé wo ló bá ibòòji wo mu?

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó yàn. Àwọ̀ tútù inú ewé ló ń gba ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún un. Ibi tó funfun tàbí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ kò ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí funfun bá ṣe pọ̀ tó lára ewé ni yóò ṣe nílò ìmọ́lẹ̀ tó, síbẹ̀ ibi funfun yẹn náà ni oòrùn ọ̀sán kọ́kọ́ ń jó. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ láìsí oòrùn ganrínganrín: ohun tí ẹ ń wá nìyẹn.

Ibòòji fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí oòrùn àárọ̀ títí di bí aago mẹ́wàá

- *Lẹ́funlósùn.* Òun ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ni mo sì máa ń sọ pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbìn. Ewé rẹ̀ rí bí ewé kókò, àwọn kan pupa láàárín tí etí wọn tutù, àwọn kan funfun tí iṣan pupa tàbí iṣan tútù gba inú rẹ̀. Tí ewé tuntun bá ń jáde lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ó máa ń ká mọ́ra, orí rẹ̀ ṣonṣo, ẹ ò sì ní lè sọ irú àwọ̀ tí yóò ní. Ẹ fún un ní ọjọ́ mélòó kan. Á tú, àwọ̀ á sì jáde.
- *Coleus.* Ẹ ó dá a mọ̀ nípa igi rẹ̀ tó ní igun mẹ́rin àti etí ewé rẹ̀ tó ní eyín wẹ́wẹ́. Ó ń yọ pupa, òféèfèé, àlùkò, nígbà mìíràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ewé kan ṣoṣo. Òun ni omi kọ́kọ́ máa ń gbẹ mọ́ lára.
- *Cordyline*, tí àwọn olódòdó kan ń pè ní pèrègún pupa. Tí ibòòji bá ti ṣú díẹ̀, pupa rẹ̀ á di ràkọ̀ràkọ̀.

Ibòòji àárín

- *Pèrègún onílà òféèfèé.* Gbogbo wa la mọ pèrègún. Èyí tó ní ilà òféèfèé láàárín ewé ni kí ẹ béèrè fún. Kì í ṣòro, kì í sì í kú bọ̀rọ̀.
- *Dieffenbachia.* Ewé ńlá tó ní àmì funfun tàbí òféèfèé káàkiri inú rẹ̀. Ẹ ka ìkìlọ̀ nípa rẹ̀ nísàlẹ̀ kí ẹ tó rà á.
- *Tradescantia* tó ń nà mọ́lẹ̀, tó ní ilà fàdákà lókè ewé tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ àlùkò. Ó dára láti fi bo ilẹ̀ gbòòrò. Ó tún ní ẹ̀yà kan tó ń dúró, tí ewé rẹ̀ gùn tó sì mú, tí òkè tutù tí abẹ́ jẹ́ àlùkò.
- *Maranta àti calathea.* Mọ̀lẹ́bí ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ín-mọ́ín ni wọ́n, abẹ́ igi ńlá nínú igbó sì ni irú wọn ń gbé. Ewé wọn rí bí aṣọ tí a ya iṣẹ́ sí lára. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kò bá wọn lára mu. Bí ẹ ò bá ní lè bu omi sí wọn déédéé nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ibòòji tó ṣú

- *Ọ̀já ìkookò* tí etí rẹ̀ jẹ́ òféèfèé. Ó lè gbé ibi tó ṣókùnkùn, ó sì lè fara da òǹgbẹ.
- Pèrègún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilà rẹ̀ á rọ̀ díẹ̀.

Ẹ má retí pupa tó tàn yòò níbi tó ṣú. Ewé tó ní funfun tàbí òféèfèé ló ń mú irú ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ má gbin ìwọ̀nyí sí ibòòji: krótónì, àti tradescantia tó jẹ́ àlùkò látòkè délẹ̀. Oòrùn ló ń yọ àwọ̀ wọn jáde. Tí ẹ bá gbé wọn sábẹ́ igi, wọn ò ní kú, àmọ́ ewé lásán ni wọ́n máa dà. Krótónì ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú ẹjọ́ "àwọ̀ ara rẹ̀ ti lọ" tí mo ń gbọ́.

## Rírà àti títọrọ

Àwọn olódòdó tó pàtẹ sẹ́bàá ọ̀nà láàárín ìlú ní púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí. Kí ẹ tó sanwó:

- Ẹ yí ewé padà, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú tàbí okùn aláǹtakùn wẹ́wẹ́, ẹ má gbé e wálé.
- Ẹ wo ìdí ọ̀rá dúdú tó wà nínú rẹ̀. Bí gbòǹgbò bá ti gba abẹ́ rẹ̀ jáde, tó ti wọ ilẹ̀ ibi tó wà, yóò jìyà tí ẹ bá fà á.
- Ẹ béèrè bóyá inú oòrùn ló ti ń gbé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé e wọ ibòòji tó ṣú lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi sí ibòòji fẹ́ẹ́rẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ná.
- Èyí tó kéré tó sì lágbára dára ju èyí tó ga lọ, pàápàá fún abẹ́ igi.

Àmọ́ kò pọn dandan kí ẹ rà á. Pèrègún, coleus, ọ̀já ìkookò àti tradescantia wà lágbàlá àwọn aládùúgbò yín. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì tọrọ ẹ̀ka kan. Ẹni tó bá gbin òdòdó kì í sábà ṣahun rẹ̀.

## Ilẹ̀

Púpọ̀ nínú ilẹ̀ Àkúrẹ́ jẹ́ ilẹ̀ pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́, àwọn ibòmíràn jẹ́ yangí gidi. Kò burú, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń fa omi:

1. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan.
2. Ẹ bu omi kún un, kí ẹ jẹ́ kó fà tán.
3. Ẹ tún bu omi kún un lẹ́ẹ̀kejì. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ má gbin ohunkóhun sínú ilẹ̀ níbẹ̀. Ìkòkò ló kàn.

Fún ilẹ̀ tó bá ń fa omi, ẹ pò ó báyìí: ìdá méjì ilẹ̀ òkè, ìdá kan ilẹ̀dú tàbí ajílẹ̀ tó ti jẹrà. Bí ilẹ̀ náà bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí amọ̀, ẹ fi ìdá kan yanrìn kún un.

Ìgbẹ́ adìẹ pọ̀ nílùú, owó rẹ̀ kò sì le. Ẹ má da á tútù sídìí ewé, yóò jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bò ó, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí oṣù méjì títí òórùn rẹ̀ á fi lọ. Ẹni tó bá lè rí èèpo kòkó gbà láti Ìdànrè tàbí Oǹdó lè kó o mọ́ ajílẹ̀ kó jẹrà pọ̀. Ẹ má kó o tútù wá sórí ilẹ̀, pàápàá bí igi kòkó bá wà nítòsí, torí àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lè wà lára rẹ̀.

## Gbígbìn lábẹ́ igi

Àwọn igi tó wọ́pọ̀ lágbàlá wa ni máńgòrò, píà, ọsàn, àgbálùmọ̀ àti igi furúùtù. Máńgòrò ló le jù, torí ewé rẹ̀ ṣù, gbòǹgbò rẹ̀ sì pọ̀ sókè ilẹ̀. Ìgbà tó dára jù láti gbìn ni láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, kí ewé náà lè rí òjò tó pọ̀ mu kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Oṣù Kẹsàn-án kò burú, àmọ́ ẹ ó bu omi púpọ̀ sí i nígbà ọyẹ́.

1. Bí ibẹ̀ bá ṣú biribiri, ẹ gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kúrò kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà fún ẹ̀ka ńlá.
2. Ẹ jìnnà sí ìdí igi ní ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 3.
3. Ẹ fi ọkọ́ kékeré tú ilẹ̀ wò. Níbi tí ẹ bá ti kan gbòǹgbò tó tóbi ju àtàǹpàkò yín lọ, ẹ sún síwájú. Ẹ má gé e. Gbòǹgbò tó sanra ló gbé igi dúró lọ́jọ́ tí ìjì bá jà.
4. Ẹ gbẹ́ ihò kéékèèké láàárín gbòǹgbò. Ẹ má ro gbogbo abẹ́ igi bí oko.
5. Ẹ bu omi sínú ihò, kí ó fà, kí ẹ tó gbé ewé sí i pẹ̀lú ilẹ̀ tí ẹ ti pò.
6. Ẹ jẹ́ kí ọrùn ewé náà wà ní ìwọ̀n kan náà tó wà nínú ọ̀rá. Ẹ má rì í.
7. Ẹ tẹ ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kí ẹ tún bu omi sí i.
8. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀, kó nípọn tó ínṣì 2, kó má kan igi rẹ̀. Bí ikán bá wà lágbàlá yín, ẹ máa gbé ewé yìí sókè wò lóòrèkóòrè.

Ìkìlọ̀: ẹ má kó ilẹ̀ tuntun jọ sídìí igi kí ẹ lè rí ibi gbin òdòdó. Mo ń rí i káàkiri, wọn á tún fi bùlọ́ọ̀kù yí i po kó lè lẹ́wà. Gbòǹgbò igi ń mí. Tí ẹ bá di ilẹ̀ lé e lórí, tí ẹ sì bo ìdí igi mọ́lẹ̀, ìdí náà lè jẹrà, kí igi ńlá tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti orí. Bí ẹ bá máa fi ilẹ̀ kún un rárá, kó má ju ínṣì 2 lọ, kó má sì kan igi.

Ẹ fún lẹ́funlósùn ní àlàfo tó tó ínṣì 10 sí 12. Bí ó bá jẹ́ iṣu rẹ̀ ni ẹ ní, ẹ rì í ní ínṣì 2, kí ojú rẹ̀ kọjú sókè.

## Gbígbìn létí ògiri tàbí fẹ́ǹsì

Ohun mẹ́ta ló ń ba ti etí ògiri jẹ́.

Àkọ́kọ́ ni àfọ́kù bùlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì tí àwọn bíríkìlà rì mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Ẹ gbẹ́ ẹ dé ẹsẹ̀ bàtà kan ó lé, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù, kí ẹ sì fi ilẹ̀ gidi dípò rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ń sọ ilẹ̀ di ohun tí àwọn ewé yìí kò fẹ́, wọ́n á máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láìjẹ́ pé omi ló wọ́n wọn.

Èkejì ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé. Omi tó ń ti ara páànù dà nígbà òjò ńlá á gbẹ́ ilẹ̀, á sì fa ewé lẹ́funlósùn ya bí aṣọ gbígbó. Ẹ gbìn ín sẹ́yìn ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tàbí síwájú rẹ̀, kó má jẹ́ ojú ibi tó ń dà sí gan-an. Bí ẹ bá gbìn ín sẹ́yìn, lábẹ́ òrùlé, ẹ rántí pé òjò kì í dé ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó máa fún un lómi, kódà ní oṣù Keje.

Ẹ̀kẹta ni ṣọ́kàwéè. Ẹ má gbin pèrègún tàbí cordyline sórí rẹ̀.

## Bí ilẹ̀ kò bá ṣeé gbẹ́

Ìkòkò, garawa ọ̀dà, táyà àti àpò ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ ló wúlò lábẹ́ igi tó ní gbòǹgbò púpọ̀ tàbí lórí kọnkéré.

- Ẹ lu ihò mẹ́rin ó kéré tán sí ìdí rẹ̀.
- Ẹ gbé e lé bùlọ́ọ̀kù, kí gbòǹgbò igi má baà gba ihò yẹn wọlé.
- Ẹ má gbé àwo sí abẹ́ rẹ̀ níta. Omi tó bá dúró sínú àwo yẹn, ẹ̀fọn ni yóò fi í ṣe ilé.
- Ẹ pa ilẹ̀ rẹ̀ dà lẹ́yìn bí ọdún méjì.

## Omi, àti ọyẹ́

Nínú òjò, òjò á bá yín ṣe é, àyàfi lábẹ́ òrùlé àti lábẹ́ máńgòrò. Nígbà tí òjò bá dá ní oṣù Kẹjọ, ẹ máa lọ wo coleus. Tí ewé rẹ̀ bá rọ sílẹ̀ láàárọ̀, tí oòrùn kò tíì mú, ó fẹ́ omi lójú ẹsẹ̀.

Láti oṣù Kọkànlá, ẹ fi ìka bọ ilẹ̀ dé ìwọ̀n ínṣì 2. Bí ó bá gbẹ, ẹ bu omi sí i títí yóò fi rin dé ìsàlẹ̀. Ó sàn kí ẹ bu omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ju kí ẹ máa wọ́n díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, torí omi díẹ̀ kì í kọjá òkè ilẹ̀, ibẹ̀ ni gbòǹgbò máa ń wá jókòó sí. Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára. Ọ̀já ìkookò yàtọ̀: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ti tó o, omi púpọ̀ ló ń pa á.

Apá ìlà-oòrùn òun àríwá ni atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, ó sì gbẹ gan-an. Ibi tí ilé tàbí fẹ́ǹsì bá ti dá a dúró ni kí ẹ gbin àwọn ẹlẹ́gẹ́ sí. Ẹ fi omi fọ eruku kúrò lójú ewé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

## Lẹ́funlósùn tó "kú"

Láti oṣù Kọkànlá lọ, ewé lẹ́funlósùn á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á wó lulẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kò fi ní sí nǹkan kan lókè ilẹ̀ mọ́. Iṣu rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ má fà á tu, ẹ má sì bu omi sí i mọ́, torí iṣu tó ń sùn nínú ilẹ̀ tútù á jẹrà.

1. Ẹ ri igi kékeré mọ́bẹ̀ kí ẹ lè mọ ibi tó wà, kí ẹlòmíràn má baà ro ó.
2. Bí omi kì í dúró níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀.
3. Bí ẹ bá fẹ́ wú u, ẹ dúró kí ewé rẹ̀ gbẹ tán. Ẹ gbọn ilẹ̀ rẹ̀ nù, ẹ sá a síbòòji fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ rì í sínú yanrìn gbígbẹ nínú apẹ̀rẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.
4. Ẹ tún un gbìn tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Ẹ lè gé iṣu ńlá sí méjì tàbí mẹ́ta, kí ojú kan ó kéré tán wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi eérú pa ojú ibi tí ẹ gé, ẹ jẹ́ kó gbẹ dọ́jọ́ kejì.

Nítorí oorun yìí, ẹ má gbin lẹ́funlósùn nìkan síbì kan. Ẹ fi pèrègún tàbí ọ̀já ìkookò há a láàárín, kí ibẹ̀ má baà ṣófo ní oṣù Kejìlá tí àlejò ọdún ń wọlé.

## Gígé, àti sísọ ọ́ di púpọ̀

Coleus: ẹ já orí rẹ̀ nígbà tó bá ga tó ínṣì 6, kó lè yọ ẹ̀ka. Ẹ máa já òdòdó rẹ̀ pẹ̀lú, torí tó bá ti tan òdòdó, ewé á kéré. Ẹ gé ẹ̀ka tó ní oríkèé méjì, ẹ já ewé ìsàlẹ̀, ẹ fi í sínú ife omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó ti ta gbòǹgbò. Ẹ máa fi ẹ̀ka tuntun rọ́pò ìyá rẹ̀ lọ́dọọdún, torí ìyá náà á di igi gíga tí kò léwé nísàlẹ̀.

Pèrègún àti cordyline: ẹ gé igi rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ fi ìdí rẹ̀ gún ilẹ̀. Ẹ rántí èyí tó jẹ́ òkè.

Tradescantia: ẹ gé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó tán. Ẹ má da èyí tí ẹ gé sí etí odò tàbí igbó, torí á bo gbogbo ibẹ̀.

Ọ̀já ìkookò: ẹ ṣọ́ra níbí. Ẹ lè gé ewé rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kí ẹ gbìn ín, yóò hù, ṣùgbọ́n ọmọ tó máa yọ kò ní ní etí òféèfèé mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ náà wà, ẹ hú u, kí ẹ ya ọmọ kúrò lára ìyá pẹ̀lú gbòǹgbò.

Lára gbogbo wọn, bí ẹ̀ka kan bá yọ tó tutù pátápátá, tí kò ní àwọ̀, ẹ gé e dànù kíá. Ó lágbára ju àwọn yòókù lọ, yóò sì borí wọn.

## Kòkòrò, ìgbín àti ewúrẹ́

Tata máa ń pọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ mú wọn láàárọ̀ kùtùkùtù tí ara wọn ṣì tutù. Ìgbín ń jáde lóru nínú òjò. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ ṣà wọ́n. Fún kòkòrò funfun bí òwú, ẹ fi aṣọ tó rin nínú omi ọṣẹ nù ún, tàbí kí ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ mọ́júmọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ fi fọ́n abẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ dán an wò lára ewé kan ná kí ẹ tó fọ́n gbogbo rẹ̀.

Ti ewúrẹ́ àdúgbò, kò sí oògùn kankan. Géètì ni kí ẹ tì.

## Ìkìlọ̀ fún ilé tí ọmọdé wà

Lẹ́funlósùn àti dieffenbachia ní ohun kan nínú tó ń gún ẹnu àti ọ̀fun bí abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ẹnu rẹ̀ á gbóná, ahọ́n rẹ̀ lè wú. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹ má ṣe gbin lẹ́funlósùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kókò. Ewé wọn jọra, iṣu wọn jọra. Ọmọ tí wọ́n rán lọ já ewé kókò tàbí ẹni tó ń wú kókò lè ṣì í mú.

- Ẹ gbin dieffenbachia jìnnà sí ibi tí ọmọ tó ń rákòrò lè dé.
- Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tàbí kí ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́ nígbà tí ẹ bá ń gé wọn. Ẹ má fi ọwọ́ náà ra ojú.
- Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ fi omi fọ ẹnu náà, ẹ má fipá mú un bì, kí ẹ sì gbé e lọ ilé ìwòsàn, pàápàá bí ẹnu bá ń wú tàbí tí kò lè mí dáadáa.

Nípa ejò: ewé tó ṣù mọ́lẹ̀ lè fi ejò pa mọ́, mi ò ní sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀ láàárín ewé àti ẹnu ọ̀nà tàbí fèrèsé, ẹ máa gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ lè rí ilẹ̀, ẹ má sì kó pákó tàbí bùlọ́ọ̀kù jọ sínú rẹ̀.

## Fún ayálégbé, àti ẹni tí àyè rẹ̀ kéré

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú garawa mẹ́ta ní bàrándà tó kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí àríwá: pèrègún onílà òféèfèé lẹ́yìn, lẹ́funlósùn méjì nínú garawa àárín, tradescantia níwájú kó máa ṣàn bọ̀ sílẹ̀. Tí ẹ bá ń kó lọ, ẹ gbé e dání. Bí ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi lẹ́funlósùn sílẹ̀ títí oṣù Kẹrin, kí ẹ fi coleus sípò rẹ̀ ná.